Ìwé Amẹ́ríkà Tí Orúkọ Abẹ́òkúta Wà Nínú Rẹ̀

Àwọn olóòtú ìwé yìí ni wọ́n ní kí n kọ nǹkan sí ojú ewé ìtàn. Mo sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe òpìtàn. Ìṣirò owó ni mo kọ́ ní Hamburg, òun náà ni mo sì fi ń jẹun. Wọ́n ní ohun tí mo máa ń kó jọ sílé ni kí n kọ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ilé wa ní Wedding rí mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ìwé ni. Ìwé àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni: ìwé ńlá, ìwé ìròyìn, àti ìwé pélébé tí kò ju ojú ewé mẹ́rìndínlógún lọ. Bàbá àwọn ọmọ mi ń pè wọ́n ní pàǹtírí, ṣùgbọ́n òun náà ló kan pákó tí mo tò wọ́n sí.

Ìbéèrè kan ni gbogbo àlejò máa ń bi mí. Kí ló kan ọmọ Ẹ̀gbá tó ń gbé Berlin nínú ìwé tí àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn? Èsì rẹ̀ gùn díẹ̀. Ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ní 2004, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Hamburg. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan. Ní àdúgbò Grindel, lẹ́bàá yunifásítì, àwọn tó ń ta ìwé àlòkù wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé àpótí ìwé síta. Lọ́jọ́ kan tí òjò ká mi mọ́ ìta, mo sá wọ inú ṣọ́ọ̀bù kan. Kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù má baà rò pé òjò nìkan ni mo wá sá fún, mo fa ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́ já yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Orúkọ tí mo bá nínú rẹ̀ ni Abẹ́òkúta, Ìjàyè, Àgbádárìgì. Wọ́n kọ wọ́n bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Mo yí padà sí ojú ewé àkọlé. Charleston ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ní 1857. T. J. Bowen ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Mo kàwé níbẹ̀ títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí ẹnì kan tó sọ fún mi rí pé ará Amẹ́ríkà kan ti gbé láàrin wa, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó. Owó ìwé náà jẹ́ yúrò márùndínláàádọ́ta. Iye tí mo ń gbà fún abọ́ fífọ̀ ọjọ́ méjì nìyẹn. Mo san án. Gàrí ni mo mu títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ní ẹ̀yìn èèpo ìwé náà, òǹtẹ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan sọ pé ilé ìkàwé àwọn ajíhìnrere kan ló ni ín. Èkejì sọ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn. Nígbà tó yá ni mo wá mọ ìdí tí ìwé Amẹ́ríkà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Jámánì. Láti nǹkan bí 1850 títí di 1939, ó ju mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn lọ tó gba èbúté Hamburg lọ sí òkè òkun, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá lọ yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé, yóò fi ìwé ránṣẹ́, nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ yóò padà wá kú sí ìlú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ yóò ta ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Lẹ́yìn ogun 1945, àwọn sójà Amẹ́ríkà dé. Nígbà ogun náà, ìjọba wọn tẹ ìwé kékeré tó ṣeé tì bọ àpò ṣòkòtò fún àwọn sójà, ó lé ní ọgọ́fà mílíọ̀nù ẹ̀dà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò padà sílé mọ́. Mo ti rà á ní ọjà àlòkù Leopoldplatz ní yúrò kan, lára àwo àti kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àgádágodo. Wedding kì í tilẹ̀ ṣe àdúgbò àwọn Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n pín Berlin. Abẹ́ àwọn Faransé ni a wà. Ìwé kò mọ ààlà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Bowen. Ọmọ Georgia ni, wọ́n bí i ní 1814, ó sì ti ja ogun kí ó tó di oníwàásù. Ní 1850 ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ibi tó fẹ́ lọ kọ́ ni Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀nà dí, ó sì jókòó sọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tó fi wà nílé nígbà tí àwọn ará Dàhómì kọ lu Abẹ́òkúta ní 3 oṣù kẹta 1851, tí ogun àwọn obìnrin wọn wà níwájú. Ẹ̀gbá ló ṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà, Bowen gbé ní Ìjàyè lábẹ́ Kúrunmí, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, níbi tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti fìdí múlẹ̀ títí di òní. Ní 1856 ló padà sí Amẹ́ríkà. Ní 1858, ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe jáde. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀: Àjàyí Crowther ti tẹ tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ó sì tún un ṣe ní 1852. Síbẹ̀, ẹ rò ó wò ná: ní ọdún mẹ́ta kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ ní Amẹ́ríkà, owó Smithsonian ti tẹ̀wé lórí èdè Yorùbá. Àwọn ọmọ Ìwó mọ orúkọ Bowen lára yunifásítì tó wà ní ìlú wọn.

Ojú oníṣirò owó ni mo fi ń wo ojú ewé àkọlé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ẹni tó sanwó. Ẹgbẹ́ ìtẹ̀wé àwọn Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù Amẹ́ríkà ló tẹ ìwé Bowen. Àwọn yìí ni wọ́n ya kúrò lára àwọn ará Àríwá ní 1845, nítorí pé àwọn ará Àríwá kò fẹ́ kí ẹni tó ní ẹrú jẹ́ ajíhìnrere. Charleston tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ọjà ẹrú wà níbẹ̀ ní ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ìwé náà sì yin àwọn baba wa: ó sọ̀rọ̀ oko wọn, ìlú wọn, ọjà wọn, bí ìjọba wọn ṣe létòlétò. Bóyá ẹni tó to lẹ́tà ìwé náà jẹun ọ̀sán tán, tó gba iwájú ọjà tí wọ́n ti ń ta ọmọ Yorùbá kọjá padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò lè fi ẹ̀rí èyí hàn yín. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá mú ìwé náà lọ́wọ́, ohun tí mo máa ń rò nìyẹn. Bébà rẹ̀ sì tún funfun.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn Bowen, ìwé méjì mìíràn jáde, èyí tó jẹ́ pé ènìyàn dúdú ló kọ wọ́n, ènìyàn dúdú ló sì tẹ̀ wọ́n. Wọ́n ṣọ̀wọ́n ju ti Bowen lọ, wọ́n sì kàn wá jù ú lọ.

Martin Delany ni àkọ́kọ́. Wọ́n bí i ní Virginia ní 1812. Ó ti ní ìwé ìròyìn tirẹ̀ rí, ó sì bá Frederick Douglass ṣe olóòtú ìwé ìròyìn North Star. Ní 1850, wọ́n gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú méjì mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ funfun pariwo, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ. Ẹnìkejì ni Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, olùkọ́ ní Philadelphia. Òfin 1850 ti jẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn olówó ẹrú láti lé ẹni tó bá sá títí dé Àríwá. Ní 1857, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wá sọ pé aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọmọ ìlú. Àwọn méjèèjì wá ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn wọn lè fi ṣe ilé, ojú wọn sì lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Campbell gba Lọ́ńdọ̀nù wá, ó dé Èkó ní oṣù keje 1859. Delany gba Làìbéríà wá, ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Ní 27 oṣù kejìlá 1859, wọ́n bá Aláké àti àwọn ìjòyè ṣe àdéhùn. Delany tẹ ọ̀rọ̀ àdéhùn náà sínú ìròyìn rẹ̀ tó jáde ní New York ní 1861, ìwé tó jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó tì í lè kà á tán ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà ní àǹfààní láti wá gbé pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà, kí wọ́n sì mú ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá.

Orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i ni èmi àti ọmọbìnrin mi kà pọ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan. Wedding ni wọ́n bí i sí. Ẹnu mi àti orí fóònù pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ ló ti gbọ́ Yorùbá. Okùkẹ́nù, Aláké, ni àkọ́kọ́. Ṣómóyè tẹ̀ lé e, wọ́n kọ oyè rẹ̀ sí “Ibashorun”. Ṣókẹ́nù, Ògúnbọ̀nà àti Àtàm̀bàlà wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ́ “Balagun”. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mọ́mì, Balógun ni wọ́n fẹ́ kọ. Basọ̀run sì ni èyí.” Mo ní kí ó mú pẹ́ńsù, kí ó kọ ọ́ sí bébà lọ́tọ̀, nítorí a kì í fi pẹ́ńsù kan ìwé àtijọ́. Orúkọ kan ṣì wà níbẹ̀ tí ọmọ náà àti èmi kò rí ìtumọ̀ rẹ̀: “Ngtabo”. A fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ìyá mi ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí a lọ bi ẹni tó tẹ ìwé náà.

Àdéhùn náà kò pẹ́ tó fi di àríyànjiyàn. Inú àwọn kan nínú àwọn ajíhìnrere Gẹ̀ẹ́sì kò dùn sí i, ọ̀rọ̀ sì jáde láti ọ̀dọ̀ Aláké pé òun kò fi ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti pe Delany ní elékèé nítorí rẹ̀. Èmi kò gbà. Àjàyí Crowther àti ọmọ rẹ̀ ni ìwé náà pè ní ẹlẹ́rìí, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí a lè fi orúkọ rẹ̀ ṣeré ní 1861 tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ohun tí mo rò ni pé àwọn méjèèjì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀nà méjì. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń fún àlejò nílẹ̀: a óò fi oko hàn án, yóò dá a, ọmọ rẹ̀ yóò dá a, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Kò sí Ẹ̀gbá tó máa rò pé òun ti ta nǹkan kan. Ẹni tó ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ra ènìyàn tí wọ́n sì ń ra ilẹ̀ wá ni yóò gbọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn. Kí wọ́n sì tó yanjú rẹ̀, ogun abẹ́lé ti bẹ́ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gba Èkó ní oṣù kẹjọ. Delany lọ wọ iṣẹ́ ológun, ó di Major ní 1865. Campbell ní tirẹ̀ kó ìyàwó àti ọmọ wá sí Èkó ní 1862. Ní 1863 ó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ níbẹ̀, ó pè é ní Anglo-African.

Ibo ló ti rí orúkọ yẹn? New York ni. Thomas Hamilton, aláwọ̀ dúdú tó ń tẹ̀wé ní òpópónà Beekman, ló tẹ ìwé Delany àti ti Campbell. Òun náà ló ń tẹ ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tó ń jẹ́ Weekly Anglo-African. Nígbà náà, Èkó àti New York ń ka ìwé ìròyìn tí orúkọ wọn bá ara wọn mu, ènìyàn dúdú ló sì ni méjèèjì. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní èyí ní ilé ìwé. Ìwé Ìròyìn tí Townsend tẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1859 nìkan ni a kọ́.

Mo wá pinnu pé mo gbọ́dọ̀ ní ìwé Campbell, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1861 gan-an. Níhìn-ín ni ojú ti fẹ́ tì mí. Mo rí ẹni tó ní òun ní ẹ̀dà kan tí ojú ewé kan ti ya nínú rẹ̀, ó sì fẹ́ gba ọ̀rìnlénígba yúrò. Èmi tí mo ń yẹ ìwé owó ilé iṣẹ́ wò, tí mo ń bi ènìyàn léèrè rìsíìtì kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo fi owó ránṣẹ́ láì béèrè ju ìbéèrè méjì lọ. Nígbà tí ìwé dé, inú mi dùn fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Bowen.

Lẹ́tà inú Bowen tẹ bébà wọlé. Tí a bá fi ìka pá a, a óò mọ̀ ọ́n lára. Ti inú èyí tí mo rà kò tẹ ohunkóhun, ó lẹ̀ pẹrẹsẹ bí òjìji. Bébà Bowen kì í dún. Àkísà ni wọ́n fi ń ṣe bébà nígbà náà, aṣọ òwú àti ọ̀gbọ̀ tí wọ́n rẹ tí wọ́n sì gún. Ẹ̀yìn 1860 ni bébà tí wọ́n fi igi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìròyìn 1861 fi lè funfun ju ti 1921 lọ, nítorí ti igi ń pọ́n, ó sì ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Ojú ewé tó “ya” ni ẹ̀yìn àkọlé, níbi tí ìwé Amẹ́ríkà àkókò náà ti máa ń sọ pé a ti fi ìwé yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ilé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin, pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹni tó ṣe àtúntẹ̀ ìwé yóò kọ ọdún tirẹ̀ sí. Àtúntẹ̀ ni mo rà. Ní nǹkan bí 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n ya àwòrán ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún un tẹ̀. Ìwé Delany àti ti Campbell jáde pọ̀ nínú ìdìpọ̀ kan ní Michigan ní 1969, ìwé gidi tí kò pa irọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo ní in, mo rà á ní yúrò mẹ́jọ, òun ni èmi àti ọmọ mi jọ ń kà. Ẹni tó ya ojú ewé kúrò nínú tèmi ló pa irọ́. Mo kọ̀wé sí i, kò fèsì. Ìwé náà wà lórí pákó, mo fi bébà pélébé kan sínú rẹ̀ tí mo kọ iye owó náà sí, kí ojú lè máa tì mí déédéé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ojú ewé kí n tó ka ọ̀rọ̀. Mo máa ń ka iye wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń ka owó báńkì, mo ń wo ihò tí wọ́n fi okùn gán ìwé pélébé bóyá ó bára mu, mo sì ń wo òǹtẹ̀ ilé ìkàwé bóyá wọ́n fi tinútinú yọ ọ́ ni, tàbí ẹnì kan jí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Hamilton kì í ṣe owó mi. Delany kọ ìtàn àròsọ kan tó ń jẹ́ Blake, nípa ọkùnrin dúdú kan tó ń rin ìrìn àjò láàrin àwọn ẹrú láti kó wọn jọ fún ọ̀tẹ̀, títí dé Cuba. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jáde nínú ìwé ìròyìn Hamilton, ní 1859 àti láti 1861 sí 1862. Kò di ìwé nígbà ayé Delany. Ní 1970 ni ọ̀gbẹ́ni Floyd Miller kó o jọ tí Beacon Press sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó dé òpin, ó rí i pé òpin kò sí. Àwọn orí tó kẹ́yìn ti ní láti jáde ní oṣù karùn-ún 1862, kò sì sí ẹ̀dà ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn tí ẹnikẹ́ni tíì rí. Wọ́n tún ìwé náà ṣe ní Harvard ní 2017. Òpin náà kò tíì yọjú. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti pé jọ, gbogbo nǹkan ti tò, ìtàn sì dúró síbẹ̀.

Ìwé ìròyìn tí àwọn ènìyàn rà ní kọ́bọ̀ díẹ̀ ni. Wọ́n kà á, wọ́n fi di ẹ̀pà, wọ́n fi dáná. Àwọn ilé ìkàwé ńlá kò rí i bí ohun tó yẹ kí a tọ́jú, nítorí ti àwọn aláwọ̀ dúdú ni. Tí ìyá arúgbó kan ní Philadelphia bá ti fi ẹ̀dà mẹ́rin tẹ́ abẹ́ àpótí aṣọ rẹ̀ ní 1862, a kò bá mọ bí ìtàn náà ṣe parí.

Ẹni tó mọ èyí jù ni Arturo Schomburg, a sì lè sọ pé ọ̀gá gbogbo àwa tí a ń kó ìwé ni. Wọ́n bí i ní Puerto Rico ní 1874. Wọ́n ní olùkọ́ kan sọ fún un ní kékeré pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn. Ó dé New York, ó rí iṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́, níbi tó ti di olórí àwọn tó ń ṣètò lẹ́tà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ báńkì ló fi ń ra ìwé. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi bá bẹ̀rẹ̀. Ní 1926, àjọ Carnegie fi ẹgbàárùn-ún dọ́là ra àkójọ rẹ̀ fún ilé ìkàwé ìlú New York: ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìwé, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé pélébé àti ìwé àfọwọ́kọ. Ilé ìkàwé náà ṣì wà ní Harlem, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́.

Àwa ará Wedding náà ní tiwa, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ ra ẹ̀fọ́. Obìnrin dúdú kan ní Jámánì, Vera Heyer, bẹ̀rẹ̀ sí kó ìwé tí àwọn ènìyàn dúdú kọ jọ láti bí ọdún 1970 lọ, láti Amẹ́ríkà, láti Áfíríkà, láti ibi gbogbo. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí ó di ilé ìkàwé tí gbogbo ènìyàn dúdú lè wọ̀. Ó kú ní 1995 láì rí i. Àwọn ènìyàn gbé àpótí ìwé rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, wọn kò dà á nù. Ní 2012 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Each One Teach One sílẹ̀, ní 2014 ni wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ilé ìkàwé náà fún gbogbo ènìyàn ní Wedding, pẹ̀lú ìwé Vera Heyer gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ: láti ayé ẹrú, nígbà tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹrú mọ̀wé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò kọ́ ẹnìkejì.

Àdúgbò tí ó wà ni wọ́n ń pè ní Àdúgbò Áfíríkà, kì í sì í ṣe nítorí àwa tí a ń gbé ibẹ̀. Ní 1899 ni wọ́n sọ òpópónà méjì lórúkọ Togo àti Kamẹrúùnù, nígbà tí Jámánì ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ wọ̀nyẹn, títí kan àwọn ìbátan wa ní Atakpamé. Orúkọ àwọn tó lọ gba ilẹ̀ náà wà lára igun òpópónà mìíràn títí di àìpẹ́ yìí. Ní oṣù kejìlá 2022 ni wọ́n yọ orúkọ Lüderitz àti Nachtigal, tí wọ́n fi ti Cornelius Fredericks àti Manga Bell rọ́pò wọn. Àwọn tó jà fún un jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé àtijọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fi jà: bí orúkọ bá wà lára ògiri, ìwé ni yóò sọ ohun tí ẹni náà ṣe.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú ọmọ mi lọ sí ilé ìkàwé náà, ó wo pákó ìwé títí, ó ní, “Mọ́mì, ìwé tiwọn mọ́ ju tìrẹ lọ.” Òótọ́ ni.

Nǹkan kan kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Nígbà tí mo ń tún pákó náà tò ní ìgbà òtútù tó kọjá, mo rí i pé mo ní àpótí fún Delany, mo ní fún Bowen, n kò sì ní fún ìwé tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí. Àwọn àgbà wa tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọwọ́ tẹ àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́, wọ́n lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fi pín-ìnnì gán an. Mo ti ń wá wọn kiri láti ilé dé ilé, ní Berlin níbí àti ní Hamburg. Mo ti rí púpọ̀. Ẹ̀dà mẹ́rin ni n kò rí rárá. Ọ̀kan tún wà tí ojú ewé 3 àti 4 nìkan ló kù nínú rẹ̀. Bàbá kan ni wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò níbẹ̀, ọkàn lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi dé Hamburg láti Èkó. Ó ti sọ bí wọ́n ṣe wọkọ̀, ó ti sọ ohun tí wọ́n jẹ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí ojú wọn rí ní òru ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé 4, wọ́n kọ ọ́ pé ó kù ní ojú ewé 5. Bàbá náà ti di olóògbé. Ẹni tó bá ní ojú ewé 5 nílé, kí ó jọ̀wọ́ má fi ránṣẹ́ nípa ìfìwéránṣẹ́. Kí ó sọ fún àwọn olóòtú, èmi fúnra mi yóò wọ ọkọ̀ ojú irin wá gbà á.